Èsì Tí Mo Fún Ọ ní Gáréèjì

Ilé wa, Lọ́kọ́ja,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí n kò jẹ tán.

Fúnmiláyọ̀ mi, Àjíkẹ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè ní ọ̀gá mi kí ó tó lè rìn,

Okun o. Ọmọ Ìjùmú ni ọ́, ìkíni ilé la ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ lẹ́tà kọ nínú ìran tèmi ló mọ ohun tó kàn: "Ara mi le, mo sì gbàgbọ́ pé ara tìrẹ náà le." Bí olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, tòun ti pàṣán lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ sí bébà mẹ́ta láti àná, mo sì ti fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. N kò ní kọ ọ́ lónìí. Kí o tó ka lẹ́tà yìí tán, wàá mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi kọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Bàbá kò kúkú sọ ọ́ lórí fóònù. À ń sọ̀rọ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú. Bí o bá ti ní, "Bàbá, ara yín ńkọ́?", ẹnu mi á ti dáhùn kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. Bébà ní sùúrù ní tirẹ̀. Bí mo bá purọ́ sínú rẹ̀, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa wò mí títí n ó fi fà á ya.

O ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ìdànrè báyìí. O sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú yẹn wà lẹ́bàá òkè, pé láàárọ̀ kùtù lo máa ń kó àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ti já láyà jáde sábẹ́ igi, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ilẹ̀, kí wọ́n gbọ́ èémí ara wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ wá ibi tí ìbànújẹ́ sá sí nínú ara. Inú mi dùn sí i. Mo ń sọ káàkiri àdúgbò pé ọmọ mi ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń mí. Ẹnìkan bi mí pé ta ni kò mọ̀ ọ́n mí. Mo ní èmi ni.

Ṣùgbọ́n rántí gáréèjì. Ọkọ̀ ti fẹ́ kún, awakọ̀ ti ń fi Hausa pe èrò tó kù, o bá sọ̀ kalẹ̀, o di ọwọ́ mi mú. O ní, "Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Bí ara yín kò bá le, n ó sọ fún wọn pé n kò gba iṣẹ́ náà mọ́, n ó sì dúró tì yín." Mo fún ọ lésì, o sì wọ ọkọ̀. Èsì yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. A ó padà sórí rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, nítorí ẹrù wúwo la kì í gbé láìṣe òṣùká.

Má rẹ́rìn-ín. N kò ka ìwé kankan lórí ara ènìyàn. Sọ̀féyọ̀ ni mí, ilẹ̀ ni mo fi ọdún márùndínlógójì wọ̀n fún ìjọba. Àmọ́ ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwọ mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn láti gbọ́ ara rẹ̀. Èmi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Wọ́n kó wa gun òkè Agbaja lọ láti lọ ri òpó ìwọnlẹ̀. O mọ ọ̀nà ibẹ̀, òkúta nìkan ni. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n tí a fi ń wọn ilẹ̀, ọ̀gá wa á tò wá sórí ìlà, á ní, "Ara ńkọ́?" Gbogbo wa á sì dáhùn papọ̀ pé, "Ara le!" Àṣà iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá lọ sókè, wọn á ní ọ̀lẹ ni, wọn á dá a padà sí ọ́fíìsì kí ó lọ máa to fáìlì. Lọ́jọ́ kejì mo já sí kòtò, orúnkún mi òsì yí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ pẹ̀lú etí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá béèrè, mo sì ké ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ pé ara le. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi orúnkún yẹn rìn, pẹ̀lú ẹrù lórí. Òun náà ni orúnkún tí o mọ̀ yìí, tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí ìkùukùu tó mọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ẹnìkan bá dé iwájú rẹ tó ní ara òun le, má bá a jiyàn. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wo èyí tó ń dá sí nígbà tó bá ń dìde. Ẹni tó pariwo ara le jù nínú wọn, òun ni kí o kọ́kọ́ jókòó tì. Àwa àgbà, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun la ń tu sóde.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ láti Agbaja, gbọ́ èyí náà: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú igbó láìjẹ́ pé o ti yẹ ibẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú wa wá ibòji lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ fìdí lé inú wèrèpè. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró lára rẹ̀ mọ́, níwájú ọ̀gá, níwájú àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko. Kí o tún máa ṣọ́ ìjàlọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ ń jẹ, kò yẹ kí ìjàlọ tún jẹ ẹ́.

Ìkejì ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí.

Nígbà tí ìyá mi kú nílé ní Ìjùmú, a sin ín lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó di ọjọ́ Ajé mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní mo kú ará fẹ́ra kù, mo ní ẹ ṣeun, ara le. N kò da omi lójú. Àwọn ènìyàn ní ọkùnrin gidi ni mí, ó sì dùn mọ́ mi. Ohun tí wọn kò rí ni pé èjìká mi méjèèjì ti gòkè wá sí ẹ̀bá etí mi, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni o wọ yàrá tí mo ti ń ya máàpù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. O ya àwòrán ẹja, o fẹ́ fi hàn mí, ọwọ́ rẹ sì gbá ìgò tàdáwà, ó dà sórí iṣẹ́ oṣù méjì. Mo gbá ọ létí. O kò sunkún. O bu ètè ìsàlẹ̀ rẹ jẹ mọ́ eyín, o wò mí, o sì fi ẹ̀yìn rìn jáde tìwọ ti ẹja rẹ lọ́wọ́.

Kì í ṣe nítorí tàdáwà. Mo ti ń wá ibi tí n ó sọ ikú ìyá mi sí, ìwọ lo wà nítòsí. Ó ti di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, n kò sì bẹ̀ ọ́ rí, nítorí wọ́n kọ́ wa pé bàbá kì í bẹ ọmọ. Irọ́ ni wọ́n pa. Àjíkẹ́, dákun, dárí jì mí. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ni mo fi gbá ọ, mo sì ń tijú fún un títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ kò pọ̀. Láràárọ̀, kí o tó jáde lọ bá àwọn tó ń dúró dè ọ́, dá dúró sí ẹ̀yìnkùlé, kí o bi èjìká rẹ ohun tó gbé. Bí o kò bá sọ ẹrù rẹ kalẹ̀ fúnra rẹ, ara ẹni tó kéré sí ọ ni wàá sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ìkẹta ni ti ìyá rẹ.

O mọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa, ìpele mẹ́fà ni. Ọdún tó ṣáájú àìsàn rẹ̀, ìyá rẹ á gbé omi láti ẹnu ẹ̀rọ, á gun ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sinmi lórí ìpele kẹrin. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ìpele kẹta ló ti ń dúró, ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìpele kejì ni. Èmi tí mo lè fi ojú lásán mọ̀ bí òpó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, mo ń wò ó láti orí àga mi. Mo ń rí i. Màá ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé kò sí?" Á ní, "Kò sí o, ara le." Màá sì padà sídìí rédíò mi. Mo fi ẹnu bi í, mo gba èsì ẹnu. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, dókítà náà gbé ojú kúrò lójú mi kí ó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé a ti pẹ́ jù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ayé ló ń pa òwe yìí, mo pa á títí, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Bí ara ẹnìkan bá ń sọ ohun kan fún ọ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ òmíràn, Fúnmi, ti ara ni kí o gbà. Dìde kúrò lórí àga. Gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo dìde lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo ti ṣì í kà, n kò mọ̀ bóyá ìkẹrin ló kàn. Kò burú.

Ìwọ lo wá gbà mí lẹ́yìn tí a sin ín. O fi ọdún kan gbáko sílẹ̀, o wá ń gbé pẹ̀lú mi. Mo rántí àárọ̀ àkọ́kọ́ tí o fà mí gun Òkè Pátì. Mo ń ráhùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. A dé ìdí igi oṣè ńlá yẹn, o ní kí n bọ́ bàtà, kí n jókòó, kí n fi ẹ̀yìn ti igi. Mo jókòó. O bi mí pé níbo ló ti ń dùn mí. Mo ní ìwọ tí o kàwé ni kí o sọ ọ́. O ní kí n bi ara mi, kí n má bi ọ́. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe rán ọ níléèwé, kí o wá kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó?"

O wò mí, o ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ kò mọ̀ ọ́n jókòó."

Mo fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló bọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ọwọ́ mi lọ sí ọ̀fun mi fúnra rẹ̀, n kò rán an. Ibẹ̀ le bí ọmọ odó. O jókòó tì mí. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi, mo ń wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, tí àwọ̀ méjèèjì kò tètè dàpọ̀, tí ọ̀kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ọ pé kòkòrò ló kó sí mi lójú. O ní ẹ pẹ̀lẹ́. O jẹ́ kí kòkòrò náà pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ rèé: bí àgbàlagbà bá ń fi iṣẹ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, má bá a jà, má sì jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kí i dáadáa, kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe tọ́ ọ, kí o tó ní kó bọ́ bàtà. Bí ó bá ní kòkòrò kó sí òun lójú, bi í bóyá kí o fún un ní áńkáṣíìfù, kí o má sì sọ ohun mìíràn.

Ó yá, jẹ́ ká padà sí gáréèjì.

O bi mí, mo sì dáhùn pé, "Ara le, ọmọ mi. Wọ ọkọ̀." Irọ́ ni mo pa fún ọ. Irọ́ Agbaja, irọ́ àtẹ̀gùn, ọ̀kan náà ni. Ọdún kan lo fi kọ́ mi, ìṣẹ́jú kan ni mo fi gbàgbé.

Òtítọ́ rèé. Ara mi kò le. N kò ní àrùn kan tí dókítà lè dárúkọ. Mo lọ, ó wò mí, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi dára ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré ṣì tóbi jù fún oúnjẹ tí mò ń sè. Mo máa ń bu abọ́ méjì kí n tó rántí. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ nínú pálọ̀ tí mo bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó lè dà bíi pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àga oníke tí ìyá rẹ máa ń gbé síta ní ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, n kò gbé e wọlé, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ọ̀sán ni ohùn mi máa kọ́kọ́ jáde, á sì há. Mo nìkan wà, Fúnmi. Ó ń dùn mí ní àyà, lábẹ́ egungun tó wà láàárín, bí ìgbà tí ènìyàn gbé oúnjẹ gbígbóná mì.

Mo gun Òkè Pátì lọ ní èmi nìkan, ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí o lọ. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹ̀yìn ti igi oṣè, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ ọ̀kadà ní ìsàlẹ̀ nìkan. Ó wá yé mi pé ohun tó wò mí sàn lọ́dún tó kọjá kì í ṣe igi, kì í ṣe omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹnìkan béèrè, ó sì dákẹ́ láti gbọ́ èsì. Mo wọ bàtà mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún mi bú mi títí dé ilé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yìí, òun ló sì mú mi gbé bébà.

O mọ Alájì Jímọ̀ tó ń ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja létí omi, àwọn tí bàbá wọn ti Ìlọrin wá. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀. Á ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ káàárọ̀ o, ara ńkọ́?" Èmi á ní, "Ara le, Alájì." Nígbà tí n ó fi pe Alájì tán, á ti kọjá igi máńgòrò. Ọdún mẹ́rìnlá. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Mo ya ẹnu, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ara mi kò le, Alájì."

Ó ti kọjá igi máńgòrò. Ó dúró. Ó wò yíká bíi pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Ó wá padà wá, ó ṣí géètì, ó jókòó sórí àga ìyá rẹ. Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í jókòó síbẹ̀, n kò rí i sọ. Ó ní, "Kí ló ń ṣe yín?" Mo ní n kò mọ̀, pé mo nìkan wà ni, pé àyà mi ló ń dùn mí. Mo rò pé á ní kí n lọ lo oògùn, tàbí kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò sọ ọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé iyẹ̀pẹ̀ tó ṣì tutù. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ẹnìkan wọlé wá, ó wò wá, ó jáde.

Nígbà tó pẹ́, ó ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú, òun kò lè mí kanlẹ̀ mọ́. Ó ní òun rò pé ooru Lọ́kọ́ja ni. Ọdún méjì, Fúnmi! Ó ń kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀, kò lè mí kanlẹ̀, èmi ń sọ fún un pé ara le. Mo ní kí ó fi ọwọ́ sí ibi tí ó ti há. Ó ní ṣé kí òun ka nǹkan sí i ni. Mo ní rárá, kó ṣáà fi ọwọ́ sí i, kó má sì yára. Àṣé mo gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ilé dákẹ́ padà bó ṣe wà. Àga ìyá rẹ ní àmì iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo wò ó títí, mo sunkún, kò sì sí kòkòrò kankan. Ṣùgbọ́n a ti fi àdéhùn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àwa méjèèjì yóò gun Òkè Pátì. Ọ̀nà ọkọ̀ la ó gbà, a kì í ṣe ewúrẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ní gáréèjì, lẹ́yìn tí mo parọ́ tèmi, mo bi ìwọ náà pé ara rẹ ńkọ́. O ní, "Ara mi le, Bàbá." Ètè ìsàlẹ̀ rẹ wà láàárín eyín rẹ. Mo rí i. Ètè ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbé ẹja lọ́wọ́ ni. O fi ọdún kan jókòó tì mí, n kò rí ọ kí o sunkún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan rí. Gbogbo ará Ìdànrè ń bọ́ bàtà níwájú rẹ. Ta ló jókòó tì ọ́, Àjíkẹ́? Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ yìí, àárín ilé yìí lo ti kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ láìdárúkọ rẹ̀. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Wá ẹnìkan níbẹ̀ tí wàá sọ òtítọ́ fún. Bí o bá rí ọkọ nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kò ní kọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo wí.

Ní báyìí tí o ti mọ òtítọ́, mo mọ ohun tí ọkàn rẹ ń sọ: o ti ń wo àpótí rẹ. Má bọ̀ wá. Ara mi kò le, mo sì ní kí o má bọ̀ wá. Gbólóhùn méjèèjì ni mo fẹ́ kí o gbọ́, má gbọ́ ọ̀kan kí o fi èkejì sílẹ̀. Bí o bá padà nítorí mi, n ó tún kọ́ bí a ṣe ń purọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ. Wá ní Kérésì, kí a jọ gbé omi gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, kí a dúró sinmi lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ibi tó ti ń dùn wá.

Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́ kó tó di ìgbà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí o bá pè mí, bi mí pé ara mi ńkọ́, kí o sì dákẹ́. Bí ẹnu mi bá yára dáhùn, má gbà á, ṣáà dákẹ́. Lẹ́yìn tèmi, èmi náà yóò bi ọ́, n ó sì dákẹ́. Bó gba àkókò kí ọ̀kan nínú wa tó sọ̀rọ̀, tàbí bó jẹ́ pé ẹkún ló kọ́kọ́ jáde, kò burú.

N kò ní gbé fóònù sílẹ̀.

Bàbá rẹ.